Ẹ Má Gba Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì Lọ Sí Ilé Sípáníìṣì

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń tẹ ìwé ìròyìn ní èdè abínibí wa. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nínú èyí tí ó ti gba àwọn òbí ní ìmọ̀ràn pé ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ èdè Sípáníìṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì já fáfá, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wí, àwọn elédè Sípáníìṣì máa ń gbé olùwà gbolóhùn mì, wọn kì í sọ ẹni tí ó ṣe nǹkan, àfi kí Gẹ̀ẹ́sì bá wa tún un ṣe kí ó tó lè yé wa. Mo fi ìwé náà sílẹ̀, mo tún gbé e, mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè kí n sọ bí ó ṣe rí.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn àlejò tí ó ń wá láti Kúbà, Fẹnẹsúẹ́là, Mẹ́síkò àti Kòlóńbíà, pàápàá ní oṣù Òkúdù nígbà tí ọdún Ifá bá kó àwọn ọmọ awo láti òkè òkun jọ sí Òkè Ìtasẹ̀. Ẹnu àwọn àlejò wọ̀nyí ni mo ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú Sípáníìṣì tí mo mọ̀. Ìwé gírámà kàn bá mi tò ó ni. Ohun tí ojú mi sì ti rí nínú iṣẹ́ náà ni pé, lórí ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ, bíi mo àti ó, àti ọ̀rọ̀ aṣàfihàn, bíi yìí àti yẹn, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ṣì mí lọ́nà, Yorùbá ni ó máa ń fà mí padà.

Òótọ́ ni pé elédè Sípáníìṣì lè sọ pé hablo láìfi arọ́pò orúkọ kankan ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé olùwà mì. Ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó fi í pamọ́ sí. Hablo ni "mo ń sọ̀rọ̀", hablas ni "o ń sọ̀rọ̀", hablamos ni "à ń sọ̀rọ̀", hablan ni "wọ́n ń sọ̀rọ̀". Wọ́n ní yo, "èmi", wọ́n ní tú, "ìwọ", wọ́n ní él àti ella, "òun" ọkùnrin àti "òun" obìnrin, wọ́n ní nosotros, "àwa", àti ellos, "àwọn", ṣùgbọ́n wọn kì í mú wọn jáde bí kò bá nídìí. Ìdí ọ̀hún gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi hàn wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀, bí ó bá sì fẹ́ tẹnu mọ́ ọn, ohùn lásán ni yóò fi gbé e sókè. Àwa ní méjì. A ní mo, a sì ní èmi. A ní o, a sì ní ìwọ. A ní ó, a sì ní òun. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni jókòó tì kọ́ ní ìyàtọ̀ wọn. Bí ìyá kan bá wọlé tí ó bá ìkòkò ọbẹ̀ ní fífọ́, tí ó sì béèrè ẹni tí ó fọ́ ọ, ọmọ tí ó bá dáhùn pé "N kò fọ́ ọ" kàn ń sọ pé ọwọ́ òun mọ́ ni. Èyí tí ó bá ní "Èmi kọ́" ti ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí no la rompí àti yo no fui ṣe rí lẹ́nu ọmọ Sípáníìṣì gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ yóò máa da yo sí iwájú gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe, yóò sì dà bí ẹni tí ń wí láti òwúrọ̀ di alẹ́ pé "èmi jẹun, èmi wẹ̀, èmi sùn", tí àwọn tí ó ń gbọ́ ọ yóò máa ronú pé ta ni ń bá a du oúnjẹ.

Mi ò sọ pé ìwọ̀n náà pé géérégé. Hablaba lè jẹ́ "mo ń sọ̀rọ̀ nígbà náà", ó sì lè jẹ́ "ó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà", nítorí náà wọ́n lè fi yo tàbí ella sí i láìjẹ́ pé wọ́n ń tẹnu mọ́ ohunkóhun, kí ọ̀rọ̀ má bàa dojú rú ni. Àwọn ará Kúbà pẹ̀lú kì í fi bẹ́ẹ̀ fi arọ́pò orúkọ pamọ́ bí àwọn ará Sípéènì, "¿Qué tú quieres?" ni wọn yóò bi ọ́ bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí o ń fẹ́, níbi tí ará Mẹ́síkò yóò ti sọ pé "¿Qué quieres?" tí yóò sì dákẹ́. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé nítorí pé àwọn ará etí òkun Kàríbíánì máa ń jẹ s ìparí ọ̀rọ̀ ni, tí hablas fi ń dún bíi habla lẹ́nu wọn, tí wọ́n sì nílò tú láti fi ìyàtọ̀ hàn. Àwọn mìíràn ní èdè àwọn baba ńlá tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ni ó ṣì ń bẹ níbẹ̀. Àwọn mìíràn kò gba èyí, wọn kò gba ìyẹn. Èmi kì í ṣe onímọ̀ tí yóò dá ẹjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ tú yẹn lẹ́nu wọn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. Bí ẹnì kan bá wí pé "Wọ́n ní òjò yóò pọ̀ lọ́dún yìí", kò sí ẹni tí yóò bi í pé àwọn ta ni. Wọ́n yẹn kò lójú, kò nímú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní "Àwọn ni wọ́n sọ ọ́", gbogbo wa yóò bojú wẹ̀yìn láti wo àwọn tí ó ń tọ́ka sí. Dicen que va a llover ni ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti fi ellos sí i, tí ó di ellos dicen, kò tún lè jẹ́ àgbọ́sọ mọ́. Ó ti di ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kan pàtó.

Níbì kan, ẹ̀wẹ̀, àwa ni ọ̀rọ̀ wa là ju tiwọn lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti máa ń yọ ògbufọ̀ lẹ́nu. Bí a bá ní "Adé ní òun ń bọ̀", Adé ni ó ń bọ̀. Bí a bá ní "Adé ní ó ń bọ̀", ẹlòmíràn ni. Òun àti ó ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àlejò mi bá sọ pé Adé dijo que vendría, ó lè jẹ́ Adé ni yóò wá, ó lè jẹ́ ẹnì kan tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀, kódà ó lè jẹ́ àlejò náà fúnra rẹ̀, nítorí pé vendría kan náà ni fún "èmi" àti fún "òun". Àwọn tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ mọ̀ ọ́n láti inú ìtàkurọ̀sọ wọn. Ògbufọ̀ tí ó dé lẹ́yìn kò mọ̀ ọ́n, Yorùbá kò sì ní gbà fún un kí ó rọra kọjá láìyan ọ̀kan.

Èyí tí ó tún burú jù ni su. Rẹ̀, wọn, àti yín tí a fi ń bọ̀wọ̀, gbogbo wọn ni su kékeré yìí gbé sábẹ́ aṣọ kan. Ní ọdún kan, obìnrin àgbàlagbà kan láti Kòlóńbíà jókòó níwájú bàbá awo kan ní ilé wọn ní àdúgbò wa. Ọ̀rọ̀ awo mìíràn tí ó ti lọ sí Kúbà ni a ti ń sọ bọ̀, bí obìnrin náà ṣe dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nìyẹn, tí ó sì wí pé "Su padre me ayudó mucho." Èmi túmọ̀ rẹ̀ kíá pé "Bàbá rẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀." Bàbá mi orí, ó ní ó dára. Obìnrin náà ń wo ojú rẹ̀, ó ń retí nǹkan kan, kò rí i. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó wá fi ọwọ́ tọ́ àwòrán kan tí ó wà lára ògiri. Ìgbà náà ni ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Bàbá yín ni wọ́n ń wí o. Bàbá yín tí ó ti sùn ni ó gbà wọ́n lálejò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí Ifẹ̀." Bàbá dìde lórí ẹní, wọ́n di ọwọ́ obìnrin náà mú, kò sì sí ẹni tí ó nílò mi mọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn elédè Sípáníìṣì mọ̀ pé su ní àléébù yìí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé el padre de usted, "bàbá yín", tàbí el padre de él, "bàbá rẹ̀", bí wọ́n bá rí i pé ó lè rú ẹnìkan lójú. Obìnrin náà kò rí ìdí fún un. Èmi ni kò tẹ́tí.

Mo ti dárúkọ usted, ó sì yẹ kí n dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé òǹkàwé yín tí mo ń dá lóhùn tún wí pé kò sí èdè òyìnbó kan tí ó mọ ọ̀wọ̀ bíi tiwa. Láyé àtijọ́, vos ni àwọn ará Kàsítíìlì ní ilẹ̀ Sípéènì fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ni vos láti inú Látìn, gẹ́gẹ́ bí ẹ wa ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ tí a ń lò fún àgbà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n wọ́n ná an ní ìnákúnàá. Ẹni gbogbo ń pe ẹni gbogbo ní vos títí ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ fi tán. Ni wọ́n bá wá vuestra merced, èyí tí a lè pè ní "oore-ọ̀fẹ́ yín", ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ títí ó fi di usted láàárín ọdún 1600 sí 1700. Nítorí pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni merced, ọ̀rọ̀ ìṣe ẹnì kẹta ni ó ń bá usted rìn títí di òní: usted habla, kì í ṣe usted hablas. Èyí máa ń ya àwọn tí ó ti ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì wá lẹ́nu. Kò yẹ kí ó ya ẹni tí ìyá rẹ̀ ń wo ojú bàbá rẹ̀ tí ó ń béèrè pé "Ṣé Bàbá yóò jẹ iyán?" lẹ́nu rárá.

Vos náà kò kú. Ní Ajẹntínà ó ti di ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Vosotros tí àwọn ará Sípéènì fi ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n bá sún mọ́ra, vos ni wọ́n so mọ́ otros, bí ìgbà tí a bá ní "ẹ̀yin ìyókù". Ní gbogbo Látìn Amẹ́ríkà, ustedes ni fún ọ̀pọ̀, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe àgbà. Ẹ má sì rò pé ibi tí usted bá ti ń dún ni a ti ń bọ̀wọ̀, nítorí pé ní agbègbè Bògótà ní Kòlóńbíà, tọkọtaya àti ọmọ ìyá méjì lè máa pe ara wọn ní usted, kí ìfẹ́ sì wà láàárín wọn. Ará Kúbà ní tirẹ̀ lè pè ọ́ ní tú lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pàdé. Mo ti rí àwọn àgbà ìlú yìí tí ojú wọn kọ́rẹ́ nítorí èyí kí n tó ṣàlàyé. Nígbà tí mo bá ń túmọ̀, mo máa ń sọ tú yẹn di ẹ kí ó tó kúrò lẹ́nu mi, ẹ̀rí ọkàn mi kò sì tíì dá mi lẹ́bi.

Ohun tí èdè wọn kò ní ni wọ́n tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò sí níjòókòó. Bí bàbá bá dé, llegó ni wọn yóò sọ, bí ajá bá dé, llegó náà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi fóònù kọ́ Sípáníìṣì sọ fún àwọn àlejò mi nígbà kan pé "Ellos vienen ahora", ọkàn rẹ̀ sì mọ́, "Wọ́n ń bọ̀ báyìí" ni ó ń sọ, nípa bàbá àgbà kan. Àwọn àlejò to àga mẹ́fà kalẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ aṣàfihàn, méjì péré ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ọ̀kan fún ohun tí ó sún mọ́ wa, ọ̀kan fún èyí tí ó jìnnà. Mẹ́ta ni Sípáníìṣì: este, ese, aquel. Aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ mi ni esta tela. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ ìyá aláṣọ tí à ń bá nájà ni esa tela. Èyí tí ó so kọ́ sí ìsọ̀ òdìkejì títì ni aquella tela. Kì í ṣe ìjìnnà nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n ń wo ẹni tí nǹkan náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ níhìn-ín, níbẹ̀ àti lọ́hùn-ún láti kékeré ti mọ aquí, ahí àti allí. A ní yìí, a ní yẹn, a sì ní ọ̀hún tí ó ń gbé ọ̀nà jíjìn. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀pọ̀ ará Látìn Amẹ́ríkà, ese ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ aquel, bí yẹn wa náà ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà wọn bá fẹ́ sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, ẹ ó gbọ́ en aquellos tiempos, bí tiwa ṣe máa ń sọ pé láyé ọjọ́un.

Ìwúlò wọn nínú ìtàkurọ̀sọ ni ó dùn mọ́ mi jù. Bí òǹkọ̀wé Sípáníìṣì bá ní Juan saludó a Pedro. Este no contestó, Pedro ni kò dáhùn, kì í ṣe Juan, nítorí pé este máa ń mú ẹni tí a dárúkọ kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún un ni onítọ̀hún: "Juan kí Pedro, ṣùgbọ́n onítọ̀hún kò dáhùn." Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, este kan náà ni ará Mẹ́síkò máa ń fà bí ọ̀rọ̀ bá sọnù lẹ́nu rẹ̀, este… este…, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń wí pé "kiní yìí… kiní ọ̀hún…" Eso tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo ni fún odindi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀, por eso ni "ìdí nìyẹn", bí ẹnì kan bá sì sọ ohun tí ó bá ọ lára mu, "¡Eso!" ni wàá dá a lóhùn, "Òun nìyẹn!" Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra bí a bá ń fi wọ́n tọ́ka sí ènìyàn. El hombre ese, "ọkùnrin yẹn", tí a gbé ese sẹ́yìn, ní ìyọṣùtì nínú, "¿Y esta quién es?" níṣojú obìnrin kan kò sì sàn ju "Ta ni eléyìí?" lọ.

Ẹ wo èyí náà. Bí a bá gbé nǹkan síwájú láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, a máa ń dá arọ́pò rẹ̀ padà sí ààyè rẹ̀: "Ìwé yẹn, mo ti kà á." Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀: ese libro ya lo leí, lo náà ni á. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e síwájú láti tẹnu mọ́ ọn, "Ìwé yẹn ni mo kà", arọ́pò náà kò ní jáde. Bí àwọn náà bá ń tẹnu mọ́ ọn, lo kò ní jáde. Mo ti rí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó fi odindi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan wá ìdí lo yẹn nínú ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ní ọjọ́ tí mo fi "mo ti kà á" hàn án, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ibi tí Yorùbá kò ti ràn wá lọ́wọ́ ni akọ àti abo. Ó wa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, nítorí náà a máa ń ṣi él àti ella pè títí ọjọ́ ogbó. Gẹ̀ẹ́sì ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ níbẹ̀, mo gbà, àmọ́ kò lè sọ ìdí tí tábìlì fi jẹ́ abo fún wa.

Olóòtú, ó ku ẹ̀bẹ̀ kan, ẹ̀yin gan-an ni mo sì ń bẹ̀. Àwọn ará Sípéènì kì í fi àmì orí ọ̀rọ̀ ṣeré lórí arọ́pò orúkọ: tú ni "ìwọ", tu ni "rẹ"; él ni "òun", el sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ní ọdún 2010, nígbà tí Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Ọba tí ó ń bójú tó èdè wọn gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n yọ àmì orí éste, ése àti aquél kúrò, àríyànjiyàn tí ó ti ibẹ̀ jáde pọ̀, àwọn òǹkọ̀wé kan ṣì ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Tiwa ju tiwọn lọ, nítorí pé àmì ohùn nìkan ni ó ya o sọ́tọ̀ sí ó, tí ó ya rẹ sọ́tọ̀ sí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá wa fi sí àwọn àkọlé ńláńlá yín bí ẹ ṣe ń fi sí inú ìròyìn. Ní oṣù tí ó kọjá, ẹ tẹ fọ́tò olóyè kan sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ sì kọ "O TI LO" sí i lábẹ́. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá olóyè náà ni ó ti lọ, tàbí ó ti lo nǹkan kan, tàbí èmi tí mo ra ìwé ìròyìn náà ni ẹ ń sọ fún pé mo ti lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ògbufọ̀ kan ní Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀